Ṣé Ká Lọ Lo Ìsinmi Wa ní Àgbádárìgì?

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti dé tán, ọ̀rọ̀ tó sì wà lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá báyìí ni ibi tí a ó jọ lọ. Nígbà tí a dárúkọ Àgbádárìgì, àtakò mẹ́ta ló jáde: ọ̀nà rẹ̀ kò dára; ìlú kékeré létí omi, ní ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀ Èkó, ni; kò sì sí ohun tí èèyàn fẹ́ wò níbẹ̀ ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ilé ẹrú lọ, èyí tí a lè fi òwúrọ̀ ọjọ́ kan wò tán.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fẹ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ẹni tó bá sì ti gba ibẹ̀ kọjá mọ bí ojú ọ̀nà náà ṣe ń rí. Èbúté ni ìlú náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun ńlá kì í gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kódà láyé àtijọ́. Ọ̀sà ló wà níwájú ìlú. Ilẹ̀ oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní Gberefu ló sì wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ìgbì etíkun náà le, nítorí náà ojú agbami ni ọkọ̀ òkun máa ń dúró sí, tí ọkọ̀ ọpọ́n yóò máa kó èèyàn àti ẹrù lọ bá a. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, tí Àgbádárìgì náà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1863, Èkó ni òwò fìdí kalẹ̀ sí. Lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni.

Àmọ́ ibi tí a kò ti gbà fún àwọn alátakò ni ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kan yẹn. Ẹ wo àwọn tí ìtàn so orúkọ wọn mọ́ ìlú yìí. Púpọ̀ nínú wọn, ibòmíràn ni ọkàn wọn wà. Àgbádárìgì ni ọ̀nà ti dí mọ́ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi Ọba Adélé bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1820 ni Òṣìnlókùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gba ìtẹ́ Èkó mọ́ ọn lọ́wọ́. Àgbádárìgì ni Adélé sá lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí tí àyè fi ṣí sílẹ̀ fún un láti padà jọba l'Ékòó. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Richard Lander ti Sókótó padà dé ní 1827, lẹ́yìn tí Clapperton, ọ̀gá rẹ̀, ti kú sọ́hùn-ún. Ọkọ̀ òkun tí yóò gbé e relé ni Lander ń retí. Àwọn Potogí tó ń ṣòwò ẹrú fẹ̀sùn kàn án pé amí ni, ni wọ́n bá ní kó mu májèlé kí wọ́n fi mọ òtítọ́. Ó mu ún, ó sáré lọ bì í, kò sì kú. Ọkọ̀ padà wá gbé e. Síbẹ̀, ní 1830, Àgbádárìgì yìí kan náà ni òun àti John àbúrò rẹ̀ gbà wọlé láti lọ wá ibi tí odò Ọya ti ń wọ òkun.

Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí oyè Èkó. Abẹ́òkúta ni Akítóyè kọ́kọ́ forí lé kó tó bọ́ sí Àgbádárìgì. Ní 1851, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti àwọn tó wà lẹ́yìn Kòsọ́kọ́ fìjà pẹẹ́ta nínú ìlú, iná sì jó apá kan rẹ̀. Ìparí ọdún náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá Akítóyè padà sórí oyè.

Èyí tó kan àwa gan-an ni ti Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, òun, Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ìròyìn tó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú. Ogun sì wà lójú ọ̀nà. Nǹkan bí oṣù méjìdínlógún ni Crowther fi dúró. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí i mọ́, àmọ́ tí kò lè débẹ̀. Kò káwọ́ gbera. Ó ń wàásù lédè Yorùbá, ó sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ. Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Kò pé oṣù kan tó fi fojú kan Àfàlà, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845 ṣì wà ní Àgbádárìgì. Òun ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Àwọn kan tún wà tí a kò mọ orúkọ wọn. Àwọn náà dúró, nínú àwọn yàrá tóóró, títí ọkọ̀ fi dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọdá ọ̀sà, tí wọ́n á fẹsẹ̀ rin yanrìn Gberefu dé etí òkun. Ìtàn àdúgbò sọ pé kànga kan wà lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Adélé padà sílé. Lander padà sílé. Crowther rí ìyá rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò padà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tiwọn kì í tilẹ̀ ṣe àjò.

Ǹjẹ́ ó wá yẹ ká lọ ṣe fàájì níbẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ṣe la fẹ́ rọ́ sínú bọ́ọ̀sì, ká fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ ya fọ́tò, ká rẹ́rìn-ín, ká jẹun, ká sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ ká jókòó sílé. Ṣùgbọ́n Àgbádárìgì kì í ṣe ilé ìbànújẹ́ nìkan. Ìlú àwọn Ògù ni, àwọn tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń ta àgbọn, wọ́n sì ń sọ èdè wọn fún àwọn ọmọ wọn. Ó yẹ kí àwa tí à ń fi èdè ṣe ẹ̀kọ́ jókòó gbọ́ èdè tí kì í ṣe tiwa nínú ìpínlẹ̀ tí a máa ń pè ní tiwa.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé ká lọ, àmọ́ ká sùn síbẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Ọjọ́ kìíní, ká lọ sí ilé àwọn Mobee, ọjà Vlekete àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Ọjọ́ kejì, ká sọdá sí Gberefu, ká fẹsẹ̀ rìn ín, ká má gun ọ̀kadà. Ọjọ́ kẹta, ká má lọ síbì kankan. Ká jókòó sétí ọ̀sà, ká bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tu èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó ti máa tọ́jú owó ọkọ̀ láti ìsinsìnyí.