Àgbàrá, ebè àti ewé Akíntólá: ìtàn ìtọ́jú ilẹ̀ oko ní Òṣíẹ̀lẹ̀

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn jáde ní Abẹ́òkúta, tó sì kọjá oríta Camp, kò ní í pẹ́ dé Òṣíẹ̀lẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìlú àgbẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Òkúta ló wà lábẹ́ gbogbo agbègbè náà, irú èyí tó yọrí jáde ní Olúmọ. Erùpẹ̀ tó bo òkúta yìí kò jinlẹ̀ níbi púpọ̀: yanrìn ló pọ̀ lókè rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, amọ̀ wà nísàlẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ lọ́dún tó nǹkan bíi mìlímítà 1,200. Òjò náà kì í sì í fi gbogbo ìgbà rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó máa ń dà gan-an ní nǹkan bí oṣù kẹfà, á dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Bó bá bá ilẹ̀ ní ìhòòhò lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àgbàrá á gbá ilẹ̀dú lọ sódò, èyí tó ṣẹ́ kù fún àgbẹ̀ á sì jẹ́ yanrìn lásán.

Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Wọn kì í hú gbogbo igi nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko. Wọ́n máa ń dá ọ̀pẹ, ìrókò àti igi igbá sí, wọ́n sì ń fi kùkùté ọ̀pọ̀ igi yòókù sílẹ̀ kó lè tún hù. Wọ́n ń fi ewé gbígbẹ bo orí ebè iṣu kí oòrùn má baà jó ẹbu tí wọ́n gbìn, ewé yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí òjò fọ́ ebè. Wọn kì í to ebè sórí ìlà kan gbọnrangandan. Ebè kan á dí ojú ọ̀nà èyí tó wà lókè rẹ̀, tí omi bá dé àárín wọn, á dúró, á sì wọ ilẹ̀. Ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà tí wọ́n ń gbìn mọ́ iṣu tàbí àgbàdo á tún ta bo ibi tó ṣófo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀ létí odò, níbi tí ilẹ̀ ṣì tutù, láti gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo.

Ohun tó gbé gbogbo èyí ró ni ìsinmi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, tí koríko ẹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, àgbẹ̀ á fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á kọjá síbòmíràn, kò ní í padà títí igbó á fi dí, tí ìgbẹ́ ekòló á tún fi pọ̀ lójú ilẹ̀. Ọ̀nà yìí gba ààyè, àti pé ààyè kì í fi gbogbo ìgbà sí fún Ẹ̀gbá. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé ló tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830. Dàhòmì wá jà wọ́n ní 1851 àti 1864, ogun Ìjàyè sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Ta ni yóò lọ dáko jìnnà lásìkò bẹ́ẹ̀? Láàárín àwọn ọdún 1850 kan náà, nígbà tí ìjọ àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ní ibùdó ní Òṣíẹ̀lẹ̀, Henry Venn tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ náà àti oníṣòwò Manchester kan, Thomas Clegg, ń rọ àwọn Ẹ̀gbá pé kí wọ́n gbin òwú fún títà sókè òkun. Oko wá ní iṣẹ́ méjì lójú kan: kó bọ́ ilé, kó sì bọ́ ọjà.

Ìjọba amúnisìn ló kọ́kọ́ sọ pé kí ìsinmi ilẹ̀ kúrú. Ní Moor Plantation nílùú Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń dán òwú wò, O. T. Faulkner tó jẹ́ olórí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Nàìjíríà àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dán ẹ̀wà kan wò tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí wèrèpè. Wọ́n á gbìn ín, á bo ilẹ̀, wọ́n á sì fi ọkọ́ ro ó mọ́ erùpẹ̀. Ó ṣiṣẹ́: irè oko kò dínkù bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ sinmi. Faulkner àti J. R. Mackie kọ ìwé lórí iṣẹ́ ọ̀gbìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1933. Síbẹ̀ àgbẹ̀ kò gba ẹ̀wà náà. Èmi kò rí ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀kan nínú rẹ̀. Ta ni yóò fi gbogbo agbára ọwọ́ rẹ̀ ro ohun tí kò ṣeé jẹ tí kò sì ṣeé tà, nígbà tí igbó tó bá hù fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́?

Igbó tuntun kan wá dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Àwọn onímọ̀ ewéko gbà pé ó bá irúgbìn igi gmelina wọ Nàìjíríà láti Ceylon ní nǹkan bí ọdún 1937. Ó tàn ká oko gbogbo, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Akíntólá, àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Àwọn olóko kókó kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń borí ẹkan, ó ń yára bo ilẹ̀, ewé rẹ̀ tó ń rẹ̀ sílẹ̀ sì ń sọ ilẹ̀ di dúdú láàárín ọdún díẹ̀. Àgbẹ̀ gbáguudá tí kò lè dúró de igbó fún ọdún mẹ́wàá mọ oore rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wọlé láti ìta wá tún ilẹ̀ wa ṣe, kò sí èyí tó tàn kálẹ̀ tó o, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìbàdàn ní 1967. Rattan Lal, ọmọ Íńdíà tó débẹ̀ ní 1970, wọn erùpẹ̀ tí àgbàrá ń kó lọ lórí ilẹ̀ tó dà ní ìwọ̀n ìdá 1, 5, 10 àti 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó rí i pé bí a bá fi koríko gbígbẹ tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà bo hẹ́kítà kan, tí a kò sì tú ilẹ̀ náà, díẹ̀ kíún ni àgbàrá lè rí kó, kódà lórí ilẹ̀ tó dà jù lọ. Ewé orí ebè ló wọn yẹn! Ní 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé, World Food Prize, fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

B. T. Kang, tí òun náà wà ní IITA, dábàá ohun mìíràn láàárín àwọn ọdún 1970: kí a gbin igi bí agúnmaníyè lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí a gbin àgbàdo sáàárín wọn, kí a máa gé ẹ̀ka igi náà sórí ilẹ̀. Gbòǹgbò á di ilẹ̀ mú, ewé á bọ́ ọ. Nínú oko ìwádìí, ó dára gan-an. Lọ́wọ́ àgbẹ̀, iye àwọn tó tẹ̀ lé e dé òpin kò tó nǹkan. Gígé ẹ̀ka náà gba iṣẹ́, lóòótọ́, àmọ́ ìdí kan wà tí mo kà sí pàtàkì jù ú lọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ, torí pé ẹni tó gbin igi lè wá sọ lọ́jọ́ kan pé òun ló ni ilẹ̀. Àwọn tó gba igi náà tayọ̀tayọ̀ ni àwọn tó ń fi agúnmaníyè ṣe òpó tí iṣu ń fà lé.

Ìjọba, ní tirẹ̀, omi ńlá ló dojú kọ. Àjọ Ògùn-Ọ̀ṣun River Basin fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1976. Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìsédò Ọ̀yán ní 1983, omi tó lè gbà tó mítà onígun mẹ́ta mílíọ̀nù 270, láti fún Èkó àti Abẹ́òkúta ní omi mímu àti láti bomi rin hẹ́kítà 3,000 nísàlẹ̀ odò Ògùn. Àwọn ará abúlé tí wọ́n kó kúrò lójú omi wá ń jìyà àtọ̀sí ajá. Oko òkè Òṣíẹ̀lẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà omi náà rárá. Òjò ló ń bọ́ wọn títí dòní.

Yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 ló sún mọ́ àwọn àgbẹ̀ Òṣíẹ̀lẹ̀ jù, ní Alábàtà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹdá kan náà. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ fún ìmọ̀ ilẹ̀, òmíràn wà fún ìtọ́jú omi àti ojú ọjọ́ oko. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n tètè bá àgbẹ̀ sọ ni katakata. Awakọ̀ tó bá ń kọ ebè láti òkè wá sísàlẹ̀ ti la ọ̀nà fún àgbàrá, poro kọ̀ọ̀kan á di odò nígbà òjò. Bó bá kọ ọ́ ní ìbú, owó epo kan náà ni.

Ìsinmi ilẹ̀ ti kúrú lónìí. Gbáguudá fún gààrí àti láfún kì í jẹ́ kí ilẹ̀ dá, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé ìtura ń wọ inú oko, onílẹ̀ sì ń yá àgbẹ̀ nílẹ̀ fún ọdún kan ṣoṣo nítorí pé oníbàárà tó fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì lè dé nígbàkigbà. Ẹni tí kò mọ ẹni tí yóò ro ilẹ̀ náà lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní í bò ó, kò ní í jẹ́ kó sinmi. Bí ẹbí onílẹ̀ bá lè fún àgbẹ̀ ní ọdún márùn-ún lórí ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó gbin agúnmaníyè ní ìbú ilẹ̀, àti pé ti onílẹ̀ ni igi náà lọ́jọ́ tó bá kó jáde, ẹ̀rù ìjà lórí igi ti kúrò níbẹ̀.