Ibi Tí Òkèlè Gbọ́dọ̀ Dúró

Nínú iṣẹ́ abẹ tó ń dín ìsanra kù, ìfun ni àwọn dókítà kọ́kọ́ kọjú sí. Ní 1954, Kremen àti Linner ní Minnesota ṣàlàyé bí oúnjẹ ṣe lè fo apá púpọ̀ nínú ìfun. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún lè máa jẹun lọ bó ṣe wù ú. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ní 1966, ní Yunifásítì Iowa, Edward Mason àti Chikashi Ito kọjú sí àpòlúkù. Mason ti rí i pé àwọn obìnrin tí wọ́n gé lára tiwọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í tètè sanra. Nígbà tó yá, ó dín apá òkè tó ń gba oúnjẹ kù sí bíi mílílítà 50. Ẹnu wá di oníṣẹ́ tuntun: òun ló gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó tó.

Wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún èmi náà. Àmì pé oúnjẹ ti tó kì í pariwo: nǹkan a fún mọ́ lẹ́yìn egungun àyà, tàbí òsúkè kan ṣoṣo. Tèmi, imú ni. Á ṣàdédé máa ṣomi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ní, “Ṣé ọbẹ̀ mi ò dùn mọ́ ni?” Ó dùn, Àǹtí mi. Àmàlà tó bá tún wọlé lẹ́yìn imú yẹn, ó ń padà bọ̀ nìyẹn.