Erùpẹ̀ Kíkan fún Ọ̀gbìn Inú Ìkòkò: Ìtàn Láti Bèbè Odò St. Paul

Erékùṣù Bushrod wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà. Òkun Àtìláńtíìkì wà níwájú rẹ̀, odò St. Paul àti odò Mesurado wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, ìṣàn omi tí à ń pè ní Stockton Creek sì yà á kúrò lára ilẹ̀ ńlá. Orúkọ Bushrod Washington, adájọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ń jẹ́. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ tí ó kó àwọn ènìyàn dúdú láti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sí etíkun náà láti ọdún 1822. Èbúté tí wọ́n ṣí ní 1948 ni ó mú kí òkìkí erékùṣù náà kàn lóde òní. Ṣùgbọ́n kí èbúté tó wà, àwọn olùtẹ̀dó ti ń gbin kọfí sí bèbè odò St. Paul, lókè erékùṣù náà. Ẹni tí ń gbin òdòdó sínú ìkòkò yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú ìtàn kọfí yìí, nítorí ó wà lára àwọn ọ̀gbìn tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan.

Kí ni ilẹ̀ kíkan? Òjò tí ń rọ̀ ní Monrovia lọ́dún kan ju 4,000 mílímítà lọ. Irú òjò bẹ́ẹ̀ a máa fọ gbogbo ohun tí ó jọ ẹfun àti eérú kúrò nínú ilẹ̀, ilẹ̀ náà a sì kan. Kíkan yìí kì í ṣe àbùkù. Kọfí, tíì, gardenia àti ixora tí a ń rí lọ́gbà ilé-ìwé púpọ̀, inú rẹ̀ ni ara ti ń tù wọ́n. Bí a bá gbìn wọ́n sí ilẹ̀ tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, irin lè wà nínú ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò ní lè fà á mu. Ewé tuntun a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù ní àwọ̀ ewé. Ní àwọn ọdún 1840 ni Eusèbe Gris, ará Faransé, fi hàn pé bí a bá fún irú ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ irin, ewé rẹ̀ a tún padà bọ̀ sípò.

Ní 1869 ni àrùn tí ń mú ewé kọfí dógùn-ún bẹ́ sílẹ̀ ní erékùṣù Ceylon, èyí tí à ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí. Oko olówó iyebíye run. Nígbà náà ni ojú gbogbo ayé yí sí kọfí Làìbéríà, tí igi rẹ̀ ga, tí ewé rẹ̀ sì nípọn. Ní àwọn ọdún 1870, ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi èyí tí wọ́n hù ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àpótí onígíláàsì tí Dókítà Nathaniel Ward hùmọ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú ni wọ́n fi ń kó ọ̀gbìn kéékèèké la òkun já ní ayé ìgbà náà. Igi inú igbó lè na gbòǹgbò lọ wá ohun tí ó fẹ́. Ti inú àpótí tàbí ìkòkò kò ní ju ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ tí ènìyàn bù fún un lọ.

Kọfí Làìbéríà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà pátápátá. Tíì ni Ceylon yí sí níkẹyìn; òun náà, ọmọ ilẹ̀ kíkan ni. Nígbà tí owó kọfí sì já wálẹ̀ ní ọjà ayé ní òpin ọ̀rúndún náà, nítorí ọ̀pọ̀ kọfí Brazil, oko ẹ̀bá odò St. Paul bẹ̀rẹ̀ sí í di igbó.

Ẹni tí ó la ojú àwọn ológbà sí ọ̀ràn ìkòkò gan-an ni Frederick Coville, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Láti 1906 ni ó ti ń gbin igi eléso kékeré kan tí à ń pè ní blueberry. Ó fi í sí ilẹ̀ ọgbà tí ó lọ́ràá, tí ajílẹ̀ kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n igi náà ń rù. Ó fi í sí erùpẹ̀ kíkan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ilẹ̀ aláìníláárí, igi náà sì yọ̀. Ó gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1910. Lẹ́yìn náà ni ó tún ṣàlàyé ohun kan tí ó ṣì ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ewé tí ó jẹrà dé ààbọ̀ a máa kan, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹrà tán pátápátá, kíkan rẹ̀ a lọ. Nítorí náà, ilẹ̀dú tí ó kúnná jù lọ kọ́ ni ó dára jù fún wọn. Ní 1909, Sørensen ti Denmark ti ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn kíkan: 7 ni àárín, ohun tí ó bá sì rẹlẹ̀ sí i ni ó kan. Láàárín 4.5 àti 6 ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gbìn wọ̀nyí ti ń gbádùn.

Ní àwọn ọdún 1930, Lawrence àti Newell, ní ilé ìwádìí John Innes ní England, ṣètò àdàlù erùpẹ̀ ìkòkò: ìwọ̀n 7 ilẹ̀ ọlọ́ràá, 3 peat, 2 yanrìn, pẹ̀lú ajílẹ̀ àti ẹfun díẹ̀. Ẹfun náà ni ewu. Fún ọ̀gbìn ilẹ̀ kíkan, imí ọjọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bá ka ara àpò tí ó rà yóò fi owó ra ikú fún gardenia rẹ̀.

Ẹni tí ń gbé Bushrod lónìí kò níláti ra peat. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni í gbà kí peat tó di peat. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún ohun tí ó wà nítòsí. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀ àti èérún ìkarahun, ìkarahun sì dàbí ẹfun. Ẹrẹ̀ dúdú inú àbàtà omi iyọ̀ ń tan ojú jẹ: ohun tí ó ní imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì kàn án, ó lè kan tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gbìn ilẹ̀ kíkan pàápàá kò ní lè gbà á. Eérú ààrò, tí ó wúlò fún ọṣẹ àti fún ẹ̀fọ́, ọ̀tá ni fún ixora. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò tí ń ṣàn láti ara ògiri sìmẹ́ńtì tuntun. Kí ó kó ewé tí kò tíì jẹrà tán láti abẹ́ igi, kí ó fi ìhó àgbọn tí a ti fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn dáadáa àti èèpo ìrẹsì kún un, kí ó sì fi yanrìn odò díẹ̀ là á kí omi lè máa jò. Omi òjò ni kí ó máa bù sí i. Bí ọdún bá sì yípo, kí ó tún kó ewé tuntun lé e lórí, nítorí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti ń pàdánù kíkan rẹ̀.