Ajá Tí A Pè Ní Àdàlù

Ní ìparí ọdún tó kọjá, bàbá mi ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta ajá lẹ́bàá títì. Ọkùnrin náà búra pé Alsatian ni bàbá ajá náà, pé ìyá rẹ̀ nìkan ni ajá ìbílẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni bàbá mi ṣe san owó gọbọi. A sọ ajá náà ní Tanímọ̀la. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́jọ, ara rẹ̀ kò tóbi, irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìrù rẹ̀ sì ká bí òrùka. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé ekuke yìí lẹ ń pè ní Alsatian?" Inú bí bàbá mi. Wọ́n ní ọkùnrin yẹn ti lu àwọn ní jìbìtì, àwọn yóò sì ta ajá náà fún àwọn tó ń pa ajá jẹ.

Èmi ni mo máa ń fún Tanímọ̀la lóúnjẹ. Mo kúnlẹ̀ bẹ bàbá mi pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Mo ti gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ṣe àyẹ̀wò DNA láti mọ ìran ajá wọn. A kò ní owó àyẹ̀wò náà, ṣùgbọ́n kíka ìtàn rẹ̀ kò gba owó. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ "ojúlówó ajá" kò tíì pẹ́ láyé. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ń mọ ajá. Ọdẹ Yorùbá tó so ṣaworo mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn kì í béèrè ẹni tó bí baba ajá náà. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ajá náà lè lé ẹran. Ní ọdún 1873 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Kennel Club sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ baba àti ìyá ajá sínú ìwé. Ajá tó bá wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ di ojúlówó, èyí tí kò sí níbẹ̀ di àdàlù. Alsatian tí bàbá mi ń wá pàápàá kò dàgbà. Ní ọdún 1899, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Max von Stephanitz ra ajá darandaran kan, ó sọ ọ́ ní Horand, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé ẹ̀yà tuntun náà. Ajá oko ni àwọn baba ńlá Alsatian.

Ohun kejì ni pé ojú lásán kì í mọ ìran ajá. Àwọn onímọ̀ méjì, John Paul Scott àti John Fuller, fi èyí hàn ní ìlú Bar Harbor ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú Basenji, ajá ọdẹ tó wá láti Kóńgò, wọ́n gbé e pọ̀ mọ́ Cocker Spaniel. Nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí tún gun ara wọn, àwọn ọmọ-ọmọ tó jáde jẹ́ oríṣiríṣi. Púpọ̀ nínú wọn kò jọ Basenji, wọn kò sì jọ Cocker Spaniel. Ọdún 1965 ni wọ́n tẹ ìwé wọn jáde. Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ni pé àbùdá díẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá lára ajá. Bí àpẹẹrẹ, àbùdá mẹ́ta péré ló ń darí èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín irun ajá kan àti òmíràn. Ajá lè jogún irun bàbá rẹ̀ kó má jogún etí rẹ̀.

Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ka gbogbo DNA ajá Boxer kan tó ń jẹ́ Tasha. Kò pẹ́ sí i tí àyẹ̀wò fi dé ọjà. Ènìyàn á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá rẹ̀, á fi ránṣẹ́, wọn á sì fi í wé ti àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti mọ̀. Ní ọdún 2009, Victoria Voith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ajá àdàlù 20 wò, àwọn ajá tí àwọn ilé ìtọ́jú ajá ti sọ ẹ̀yà wọn tẹ́lẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni èyí tí àwọn ilé ìtọ́jú sọ bá ẹ̀yà tó pọ̀ jù nínú DNA mu.

Ẹnìkan lè ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Òfin tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí ajá eléwu ní ọdún 1991, ìrísí ajá ló fi ń dájọ́, kì í ṣe DNA. Ìlú Denver ní Amẹ́ríkà fi òfin de pit bull ní ọdún 1989, àwọn olùdìbò kò sì yí i padà títí di ọdún 2020. Ajá tí orí rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ díẹ̀ lè kú nítorí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí mo kà á, Tanímọ̀la ni mo rántí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọdún 2009 kan náà, Adam Boyko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde àyẹ̀wò ajá abúlé 318 láti Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà jáde. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àdàlù ajá òyìnbó rárá, ìran ìbílẹ̀ àtayébáyé ni wọ́n. Ajá Pharaoh Hound, tí wọ́n fi orúkọ ọba Íjíbítì pè, kò bá ajá Áfíríkà tan bí orúkọ rẹ̀ ṣe fẹ́ kí a gbà. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí ajá ìbílẹ̀ 19 láti Nàìjíríà níbí. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọdún 14,000 sẹ́yìn ni àwọn baba ńlá ajá wọ̀nyí wọ Áfíríkà láti Yúróòpù òun Éṣíà. Wọ́n tún rí àbùdá kan lára wọn tó ní í ṣe pẹ̀lú bí ara ajá ṣe ń kojú àrùn kan tó jọ ibà tiwa. Ooru, oòrùn àti àìsàn ilẹ̀ yìí ti yọ́ wọn bí iná ṣe ń yọ́ irin.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé ìwé yẹn sọ pé Tanímọ̀la kì í ṣe ọmọ Alsatian?" Mo ní, "Rárá, sà. Ẹnikẹ́ni kò yẹ Tanímọ̀la wò. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ, ó sì lè jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé ajá tí ìran rẹ̀ ti wà nílẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 14,000 ni ẹ rà, tí ẹ sì ń bínú pé kì í ṣe ti ọdún 1899." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Owó mi ńkọ́?" Mi ò ní èsì fún ìyẹn.

Tanímọ̀la ṣì wà nílé wa. Àwọn àlejò ṣì ń pè é ní ekuke. Èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n mi ò fi bú u mọ́.