Láti Owó Ẹyọ dé Mílígíráàmù: Ìtàn Ìwọ̀n Kékeré ní Adja-Ouèrè àti Agbègbè Rẹ̀

Bí a bá wọ ọjà Ikpinlè ní ọjọ́ ọjà, a ó rí i pé ọ̀nà méjì ni a ń gbà wọn nǹkan níbẹ̀. Ìyá tí ń ta àgbàdo a máa fi igbá tàbí agolo wọ̀n ọ́n títí yóò fi yọ òkìtì lórí, a sì tún fi ènì sí i. Ẹni tí ń ra ekùrọ́ a máa gbé àpò kọ́ òṣùwọ̀n, a sì ka kílò láìsí ènì kankan. Èdè wa pe méjèèjì ní ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ohun tí ó kún inú igbá, fún ohun tí ó wúwo lórí òṣùwọ̀n, àti fún gígùn aṣọ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ó bá ṣòro fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Adja-Ouèrè láti yí mílígíráàmù padà sí gíráàmù, àwa kò gbà pé ọpọlọ rẹ̀ ni kò jí pépé. Ìtàn kan ni ó wà lẹ́yìn ìṣòro náà.

Àwọn baba ńlá wa kì í wọn owó. Kíkà ni wọ́n ń kà á. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20 000. Òyìnbó tí ó kó ẹyọ wá láti erékùṣù Maldives kò kà á nígbà tí ó ń rà á. Ìwọ̀n ni ó fi rà á, bí ẹni ń ra irin. Létí òkun tiwa ni ó ti wá ń kà á. Bí ẹyọ bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni èrè oníṣòwò ti pọ̀ tó, nítorí pé púpọ̀ ni yóò wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Ní àárín ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò Hamburg àti ti Marseille bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹyọ ńláńlá wá láti Zanzibar, níbi tí ó ti pọ̀ rẹpẹtẹ ní owó pọ́ọ́kú, títí iye owó ẹyọ fi wálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀: bí ẹyọ kékeré kan bá wọn gíráàmù 1,2, ọ̀kẹ́ kan yóò wọn gíráàmù 24 000, èyíinì ni kílò 24. Ẹrù orí alágbára ni!

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kíkà ẹyọ kò kọ́ wa. Ẹyọ kan ni owó tí ó kéré jù. Kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. A ní ààbọ̀, a ní ìdajì, a ń la obì sí awẹ́; síbẹ̀ kò sí ẹni tí í fọ́ ẹyọ kan sí ọ̀nà mẹ́wàá kí ó lè fi ra ata. Ogún ni òǹkà wa fi ń gòkè lọ sí igba àti sí ọ̀kẹ́. Ìwọ̀n tí Faransé gbé wá ń fi ẹ̀wá gòkè, ó sì ń fi ẹ̀wá yẹn kan náà sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ẹyọ kan. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni ó ṣàjèjì sí wa.

Òfin ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1795 ni ó fi orúkọ gíráàmù lélẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní kí ó jẹ́ ìwọ̀n omi mímọ́ tí ó lè kún àpótí kékeré kan tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà kan, nígbà tí omi bá tutù bí yìnyín tí ń yọ́. Orúkọ Gíríìkì ni wọ́n fún àwọn tí ń gòkè: déca fún mẹ́wàá, hecto fún ọgọ́rùn-ún, kilo fún ẹgbẹ̀rún. Látínì ni wọ́n fún àwọn tí ń sọ̀kalẹ̀: déci fún ìdá kan nínú mẹ́wàá, centi fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, milli fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Láti inú rẹ̀ ni àtẹ olójú méje ti jáde, èyí tí àwọn ọmọ CM2 ń fà sí inú ìwé wọn: kg, hg, dag, g, dg, cg, mg. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni ó nira fún. Àwọn ará Faransé fúnra wọn kọ̀ láti fi ìwọ̀n àtijọ́ wọn sílẹ̀, títí òfin fi kà á léèwọ̀ pátápátá láti ọjọ́ kìíní ọdún 1840.

Owó ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Franc fàdákà kan wọn gíráàmù 5 gẹ́lẹ́, owó fàdákà francs 5 sì wọn gíráàmù 25. Láti àárín ọ̀rúndún 19, owó bàbà centimes 10 wọn gíráàmù 10, ti centime kan sì wọn gíráàmù kan. Ẹni tí ó bá ní owó nínú àpò, ó ní òṣùwọ̀n nínú àpò. A kò mọ ọ̀nà ìkọ́ni kankan tí ó dára ju èyí lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Adja-Ouèrè, Pobè, Ṣakẹ́tẹ́ àti Kétu bọ́ sí ìhà kílò. Àwọn ìbátan wa ní òdìkejì bọ́ sí ìhà pound, tí í ṣe ounce 16, ounce kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ gíráàmù 28,35. Nínú oògùn, Gẹ̀ẹ́sì a tún máa lo grain, tí ó túmọ̀ sí hóró ọkà, tí ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 65. Ibẹ̀ ni aspirin mílígíráàmù 325 ti wá: hóró márùn-ún àtijọ́ ni, tí a kàn yí aṣọ rẹ̀ padà.

Láti àwọn ọdún 1970 ni Nàìjíríà náà ti ń lo gíráàmù, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí, nítorí àmì kékeré kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, kọ́mà ni ó ń ya odindi nọ́ńbà kúrò lára ìdá rẹ̀, bí a ti kọ ọ́ jálẹ̀ àròkọ yìí. Ní Nàìjíríà, àmì ìdádúró ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kọ́mà ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ ni. Bí a bá kọ 1,000 mg sí ara páálí oògùn tí ó ti òdìkejì ààlà wá, gíráàmù kan ni ó jẹ́. Ọmọ tí ó kàwé ní Adja-Ouèrè yóò kà á sí mílígíráàmù kan ṣoṣo.

Nínú àpò ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tí ó ń ṣu, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀, gíráàmù 20,5 ni gbogbo rẹ̀ fún lítà omi kan. Gíráàmù 2,6 péré ni iyọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ka kọ́mà yẹn sí nǹkan yóò bu 26. Bákan náà ni ti paracetamol tí dókítà ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná: mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó wọn kílò 10 yóò gba mílígíráàmù 150 lẹ́ẹ̀kan. Lórí àtẹ olójú méje, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 0,15. Bí a bá ṣèèṣì kọ ọ́ ní 1,5, ìlọ́po mẹ́wàá ni a ti fún un.