Ayò Yàtọ̀ sí Àmì: Bí A Ṣe Lè Fi Yorùbá Sọ Ìtàn Líìgì Benin

Buffles du Borgou, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Parakou, ló ṣe ipò kìíní nínú líìgì orílẹ̀-èdè Benin ní 1980. Wọ́n tún ṣe é ní 1992, ní 2014, ní 2017 àti ní 2019. Lédè Faransé, ọ̀rọ̀ yìí kò le, nítorí gbogbo èdè tí olùròyìn fẹ́ fi sọ ọ́ ti wà nílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e fún ọmọ Nàgó kan, Yorùbá ilẹ̀ Benin, ní Sanson, lábẹ́ Tchaourou, kó fi ròyìn fún bàbá rẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé. Gbólóhùn kìíní gan-an ni yóò ti kọsẹ̀. Kí ni Buffles gbà? Àwọn olóòtú eré ìdárayá lórí rédíò ní Ìbàdàn á ní wọ́n "gba ife ẹ̀yẹ". Bàbá yóò sì béèrè pé ife wo, ṣé ti Coupe ni, àbí ti èyí tí wọ́n ń gbá láti oṣù dé oṣù?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Benin ní ìdíje ife tirẹ̀, níbi tí ẹni tó bá fìdí rẹmi ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó sì ní líìgì, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń pàdé ara wọn nílé àti lájò, tí wọ́n á máa ka àmì títí sáà yóò fi parí. Ẹgbẹ́ kan lè rí ọ̀kan gbà kó má rí èkejì. Àwọn ará Ìbàdàn náà yẹ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní 1976 ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars wọn ṣe ipò kìíní ní líìgì Nàìjíríà, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n na Tonnerre Yaoundé tí wọ́n fi gba ife àwọn tó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní ife ẹ̀yẹ ti bo ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí ife jẹ́ ife, kí a sì máa sọ pé ẹgbẹ́ kan "gba líìgì", bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ti ń sọ ọ́ ní ìdí tẹlifíṣọ̀n láìbéèrè lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kankan.

Tí wọ́n bá ń jiyàn lórí èdè eré ìdárayá, bóyá ó yẹ ká yá ọ̀rọ̀ òyìnbó lò ni wọ́n sábà máa ń bá ara wọn fà. Ní ti Yorùbá tó wà ní ìhà méjèèjì ààlà, ìbéèrè tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni pé: òyìnbó wo? Ọmọ Ṣakí ní Nàìjíríà á ní rẹfirí fọn fèrè, gólì sì mú bọ́ọ̀lù. Ọmọ Sanson tó lọ sílé ìwé, arbitre àti gardien ni wọ́n kọ́ ọ. Líìgì ni ti Ṣakí, championnat ni ti Sanson. Bí a bá mú point, bákan náà ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì bá pè é, ẹ ò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà sáàárín wa ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí ilẹ̀ ni wọ́n fà á sí. Bí a bá ń yá ọ̀rọ̀ láìbojú wẹ̀yìn, àwa fúnra wa la ó fà á wọ ẹnu. Mi ò sọ pé kí a lé gbogbo àlejò jáde o. Bọ́ọ̀lù ti di ọmọ onílé, líìgì náà ti ń fìdí jókòó, mo sì ń lò ó níbí láìtijú. Ohun tí mò ń sọ ni pé níbi tí Yorùbá bá ti ní ọ̀rọ̀ tó dọ́gba lẹ́nu ará Ṣakí àti ará Sanson, ìyẹn ló yẹ kó ṣíwájú.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ ibi tó yẹ kí wọ́n yà sí: ìdí ọpọ́n ayò. Ọpọ́n yìí ní ihò 12, ọmọ ayò 48 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la ti mú "ayò" fún ohun tó bá wọ inú àwọ̀n. Ibẹ̀ la ti mú "ọ̀mì", tí í ṣe ìgbà tí ọ̀tún kò rí òsì pa, tí òsì náà kò rí ọ̀tún pa. Match nul ni Faransé ń pè é, bí ẹni pé asán ni gbogbo làálàá àwọn méjìlélógún náà. Ọ̀mì sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó ta ọ̀mì kò ṣe lásán, ó di tirẹ̀ mú ni.

Ibi tí àwa fúnra wa ti wá ba nǹkan jẹ́ ni "àmì ayò". Lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn, àmì ayò ni bọ́ọ̀lù tó wọlé, àmì ayò náà sì tún ni ohun tí wọ́n ń kà fún ẹgbẹ́ lórí tábìlì. Nínú ìdíje ife, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹni tó jẹ ayò jù ló lọ síwájú. Nínú líìgì, ó ń dàrú. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọ Sanson wa yìí tó ti Parakou dé lórí ọ̀kadà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Buffles rí àmì ayò mẹ́ta kó lónìí o."

"Ayò mẹ́ta kẹ̀? Rédíò ní ọ̀kan sí òdo ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀kan ni wọ́n jẹ. Mẹ́ta ni wọ́n kà fún wọn."

"Ta ló fi méjì kún un?"

Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún un. Ayò kan ni wọ́n jẹ, àmì mẹ́ta ni wọ́n gbà. Bí a bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìjà tán: ayò fún èyí tó wọ inú àwọ̀n, àmì fún èyí tí wọ́n kọ sí tábìlì. Ẹni tó bá jáwé olúborí gba àmì mẹ́ta, àwọn tó ta ọ̀mì gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fìdí rẹmi lọ lọ́wọ́ òfo. Ìyàtọ̀ yìí tún ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kọ ìtàn àtijọ́, nítorí àmì méjì ni wọ́n ń kà fún ìjáwé olúborí káàkiri ayé tẹ́lẹ̀, kí FIFA tó sọ ọ́ di mẹ́ta fún gbogbo ayé ní 1995. Tábìlì tí wọ́n fi mẹ́ta kà àti èyí tí wọ́n fi méjì kà kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, òǹkàwé tí a kò bá ṣàlàyé fún yóò rò pé àwọn àtijọ́ kò gbá bọ́ọ̀lù tó tòní.

Bí ẹgbẹ́ méjì bá ní àmì kan náà, wọ́n á wo ayò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ, wọ́n á yọ èyí tí wọ́n jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ kúrò. Mo ti ka "ìyàtọ̀ àmì ayò" níbi púpọ̀, ó sì ń dàrú lójú mi nígbà gbogbo, nítorí kò sọ ẹni tó lérè àti ẹni tó ṣòfò. Àwọn ìyá wa lọ́jà ní ọ̀rọ̀ fún un. Èlé ni. Ẹgbẹ́ tó jẹ 30, tí wọ́n jẹ 18 mọ́ lọ́wọ́, ní èlé 12. Èyí tí tirẹ̀ bá dà sódì, gbèsè ayò ló wọ̀.

Èyí tó gba èrò jù lọ́wọ́ mi ni ohun tí a ó máa pe champion. "Olúborí" ló yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń jáwé olúborí. Ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn tábìlì náà á jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín sáà. Ẹ wá wo Dragons de l'Ouémé ti Àjàṣẹ́, tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Wọ́n gba líìgì ní 1978 àti 1979, 1982 àti 1983, 1986, 1989, 1993 àti 1994, 1998 àti 1999, 2002 àti 2003. Ìgbà 12 nìyẹn, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn ní Benin tó sún mọ́ ọn. Ìdí ọpọ́n ni mo tún padà sí. Ẹni tó mọ ayò ta, tó ń pa gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ̀, ọ̀ta là ń pè é, ẹni tí wọ́n sì ń pa ni òpè. FAD, ẹgbẹ́ àwọn ológun ní Cotonou, ló kọ́kọ́ gba líìgì náà ní 1969, nígbà tí orílẹ̀-èdè ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ó gba líìgì, ó tó bẹ́ẹ̀. Dragons ni ọ̀ta. Kí ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ yìí má gbàgbé àmì ohùn rẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀tá ni yóò fi Dragons ṣe, tàbí ọta ìbọn.

Líìgì Benin tún fi ìṣòro kan lé wa lọ́wọ́ tí àwọn tó ń ròyìn líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà pàdé. Ọdún mìíràn wà tí kò ní ẹni tó gbà á. Lẹ́yìn tí Dragons gba ti 2003, ó di 2006 kí Mogas 90 tó gba òmíràn. Lẹ́yìn tí Buffles gba ti 2014, ó di 2017. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ń bá ara wọn fà á. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, FIFA dá àjọ bọ́ọ̀lù Benin dúró nítorí àṣẹ ilé ẹjọ́ kan tó dí ìdìbò àjọ náà lọ́wọ́, ó sì di oṣù kẹfà kó tó gbà wọ́n padà. Báwo la ṣe ń sọ irú ọdún bẹ́ẹ̀? Mo rí àwọn tó kọ "kò sí" fún gbogbo rẹ̀, ọ̀lẹ ni. Yorùbá tó pín in sí mẹ́ta láìlàágùn. Bí wọn kò bá ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn kò gbá a. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ tí ó dúró lójú ọ̀nà, ó forí ṣánpọ́n. Bí wọ́n bá gbá a tí àwọn aláṣẹ wá ní kò kà, wọ́n wọ́gi lé e.

Ọ̀rọ̀ mìíràn so mọ́ èyí. Coton FC gba líìgì ní 2022, ó gbà á ní 2023. Ó gbà á léra, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Buffles tó gba ti 2014 àti 2017 ńkọ́? Ará Parakou á ní léra ni, ṣebí kò sẹ́ni tó gbà á láàárín. Mo fara mọ́ ọn. Ìdíje ni "léra" ń kà, kì í ka ọdún.

Ti ìyókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Journée tí Faransé ń lò fún ìpele ìdíje, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe pè é ní "ọjọ́ kẹta", nítorí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè ti kọjá kó tó kan ìkẹta. "Ìpàdé kẹta" tó. Ẹgbẹ́ tó bọ́ sí ìpele kejì, "ó já wálẹ̀". Èyí tó kúrò níbẹ̀, "ó gòkè". Akọ́nimọ̀ọ́gbá, atamátàsé, balógun ẹgbẹ́: àwọn wọ̀nyí ti gbilẹ̀, ará Sanson sì lè tú wọn fúnra rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó bá gbọ́ wọn.

Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ni mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ ká fọwọ́ kàn. Nígbà ìjọba Ààrẹ Kérékou, ìgbèríko mẹ́fà ni wọ́n pín Benin sí, àwọn ẹgbẹ́ ńlá sì ń jẹ́ orúkọ ẹranko mọ́ orúkọ ìgbèríko: Buffles ti Borgou, Dragons ti Ouémé, Requins ti Atlantique, Caïmans ti Zou. Buffle kì í ṣe àlejò, ẹfọ̀n ni, ọdẹ Sanson mọ ìwà rẹ̀, kò sì sí orúkọ tó tún yẹ ẹgbẹ́ Borgou jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yóò kọ ọ́ ní "Efon", òǹkàwé yóò sì rò pé ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi sórí pápá. Requin, ekurá ni ìwé atúmọ̀ èdè pè é. Ẹgbẹ́ Requins ni agbábọ́ọ̀lù Stéphane Sessègnon ti gbéra lọ sí Créteil ní ilẹ̀ Faransé ní 2004. Ẹni tó ń gbé Sanson, níbi tí òkun jìnnà sí, Sessègnon ni yóò mọ̀, kò ní mọ ekurá. Dragon ní tirẹ̀ kò sí ní igbó wa, inú Bíbélì la ti bá a pàdé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, kí a túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré fún òǹkàwé.

Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè gan-an pààrọ̀ orúkọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n, Écureuils, nígbà tí wọ́n lé Morocco kúrò nínú ife Áfíríkà ti 2019 ní Íjíbítì. Ní 2022 wọ́n di Guépards. Àmọ̀tẹ́kùn ló sún mọ́ ọn jù lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n láti 2020 tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ti sọ ẹ̀ṣọ́ ààbò wọn ní Àmọ̀tẹ́kùn, bí ẹ bá ní Àmọ̀tẹ́kùn Benin na ẹnìkan lálẹ́ àná, ará Ìbàdàn á kọ́kọ́ béèrè ohun tí onítọ̀hún jí. Guépards ni kí wọ́n máa jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn eré ìdárayá lédè Yorùbá, ní Ìbàdàn, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Parakou, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún sáà tó ń bọ̀: tí bọ́ọ̀lù bá wọ inú àwọ̀n, ẹ pè é ní ayò, tí ẹ bá dé orí tábìlì, ẹ pè é ní àmì. Ẹ má so méjèèjì pọ̀ mọ́.