Bí A Ṣe Mọ Agbára Òòfà Inú M87

Ó ṣòro láti kọ ìtàn ohun tí ojú kò lè rí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni agbára òòfà. Síbẹ̀, a mọ̀ dájú pé ó wà nínú M87, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ìrìn nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀rí náà ṣe jáde.

Ní ọdún 1918, Heber Curtis, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwòràwọ̀ Lick ní California, rí ìtànṣán kan tí ó yọ tààrà láti àárín M87. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó fà á. Ní 1949, Bolton, Stanley àti Slee ní Australia tọ́ka sí M87 yìí kan náà gẹ́gẹ́ bí orísun ìgbì rédíò alágbára kan. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ni ìdí ìtànṣán yìí?

Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba bá bọ́ sí àárín agbára òòfà, yóò máa lọ́ po, yóò sì máa tú ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì rédíò jáde. Ìmọ́lẹ̀ ohun gbígbóná lásán a máa mì sí gbogbo ìhà. Ṣùgbọ́n irú èyí a máa mì sí ìhà kan ju òmíràn lọ, agbára òòfà ni ó sì ń yan ìhà náà. Iosif Shklovsky ní Soviet Union fi àlàyé yìí túmọ̀ ìtànṣán M87. Ní 1956, Walter Baade kéde pé ìmọ́lẹ̀ ìtànṣán náà ń mì bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Àbá ti rí ẹ̀rí.

Ó ku orísun ìtànṣán fúnra rẹ̀, ní etí ihò dúdú tí ó wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù 6.5. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àwọn onímọ̀ so awò rédíò káàkiri ayé pọ̀ láti wò ó. Àwòrán tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2021 fi ìhà tí ìgbì náà ń mì sí hàn. Wọ́n ṣírò agbára òòfà ibẹ̀ sí gauss 1 sí 30. Ti ilẹ̀ ayé wa kò tó gauss 1. Èyí tó láti ti díẹ̀ padà nínú gáàsì tí ihò náà ìbá gbé mì.

Ní ìkádìí, ọdún 103 ni ó wà láàárín àkọsílẹ̀ Curtis àti àwòrán yìí. Nítorí pé ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ láìfi àsọdùn kún un, àwọn tí ó tẹ̀ lé e rí ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.